Gbígbó Kòyótè Kì í Ṣe Èébú

Ìwà òmùgọ̀ Ìyá Eufemia ni ká kọ́kọ́ sọ, nítorí òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́ ṣáájú òun. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni ìyá àgbà yìí fi dúró létí odò tó ń bá ẹranko igbó bú ara wọn.

Láràárọ̀, tó bá ti ń da àgùntàn rẹ̀ lọ jẹko, kòyótè kan á yọ lábẹ́ igi lórí òkè tó wà lódìkejì omi. Ìbátan ajáko ni kòyótè, kò sì tóbi ju ajá ilé lọ. Á gbó, á hu díẹ̀ mọ́ ọn, á tún gbó. Ìyá Eufemia á dúró, á fi ọwọ́ kan di ìbàdí tó ń dùn ún mú, á sì dá a lóhùn.

"Ìyá ẹ náà ni! Olè! Ẹlẹ́nu ṣóńṣó! Máa bọ̀ níbí tí o bá jẹ́ akọ!"

Ní Vallecito Hondo, láàárín àwọn òkè New Mexico, àwọn àgbà gbà pé ẹni tí kòyótè bá gbó mọ́, tó wá kúrò níbẹ̀ fún un, ó ti fi agbo àgùntàn rẹ̀ ta á lọ́rẹ. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń kúrò.

"Ta ló borí lónìí?" ni Procopio ọkọ rẹ̀ máa ń bi í lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó jókòó sí tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Èmi ni. Mo bú ìran rẹ̀ dé orí ẹni tó bí ìyá ńlá rẹ̀."

"Ìwọ lo borí, ohùn rẹ ló wá dà bíi ti àkùkọ tó mutí yó?"

Ó ti rẹ tọkọtaya náà. Àsìkò tí àgùntàn ń bímọ kì í jẹ́ kí ẹni tó ni wọ́n sùn, Procopio kò sì lè rìn jìnnà mọ́. Canelo, ajá pupa wọn, ni ẹsẹ̀ Ìyá Eufemia. Láti ìgbà tí kò tíì lajú ni wọ́n ti gbé e sábẹ́ abo àgùntàn kan kó máa mu ọmú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀, kí ó lè dàgbà pẹ̀lú èrò pé àgùntàn lòun. Procopio ní wọ́n ti ṣe é jù.

"Àgùntàn tó wọ awọ ajá ni," ló máa ń wí. "Bí ajá bá kí i, kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ."

Ramona ọmọ wọn tó wà ní ìlú Albuquerque ti sọ tirẹ̀ lórí fóònù: "Màmá, ọjọ́ tí ajá yẹn kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́, màá gbé ọkọ̀ wá kó gbogbo àgùntàn náà. Ẹ ti ṣe é tó."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kòyótè náà sún mọ́ etí omi. Kò sinmi gbígbó, ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú halẹ̀. Inú bí Ìyá Eufemia. Oorun ń kùn ún, ìbàdí ń ro ó, ẹranko lásán-làsàn tún ń lé e kúrò lórí ilẹ̀ baba rẹ̀.

"Canelo!" ló pariwo. "Lọ gé e nímú fún mi!"

Ajá sọdá omi. Ó wọ igbó. Kòyótè kejì yọ láti ẹ̀yìn àpáta. Ìyá Eufemia gbọ́ igbe kan, lẹ́yìn náà ni Canelo fi ẹsẹ̀ mẹ́ta tiro padà wá bá a, itan rẹ̀ ti fàya, ẹ̀jẹ̀ ń kán sínú omi.

Ọjọ́ kejì, ajá kò jẹun. Ó dùbúlẹ̀ lẹ́bàá ààrò, ó ń wo ògiri. Àwọn àgùntàn wà nínú ọgbà, wọ́n ń ké. Bí oòrùn ṣe ń wọ̀, igbe ta lórí òkè: híhu, kíké ṣíoṣío, àti ohun kan bí ẹ̀rín wèrè.

"Ẹ gbọ́ wọn!" ni Ìyá Eufemia wí. "Wọ́n tó ogún! Ẹ̀jẹ̀ Canelo ni wọ́n ń jó lé lórí."

Ó mú ọ̀rá ẹran wá sórí tábìlì. Ó tún na ọwọ́ sókè àjà, ó mú agolo májèlé tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ jáde.

"Eufemia, dá ìyẹn padà," ni Procopio wí.

"Ó ti rẹ̀ mí, arúgbó mi. Ó rẹ̀ mí dénú eegun. Jẹ́ kí n pa wọ́n kí n lè sùn."

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Benilde fi wọlé. Ìyá Eufemia ni ìyá ìsàmì rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ẹranko igbó ní àgbègbè náà ló ti ń ṣiṣẹ́, Procopio ló sì pè é nítorí ajá. Eruku ti bo bàtà rẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn.

"Ìyá mi, kí lẹ fẹ́ sè?"

"Oúnjẹ alẹ́ fún ogún àlejò. Tẹ́tí sí wọn lókè yẹn."

Benilde fara ti òpó ilẹ̀kùn, ó gbọ́. "Méjì ni wọ́n. Bí wọ́n bá pọ̀, mẹ́ta."

"Háà! Ọmọ yìí ti ya adití."

"Kòyótè kan ṣoṣo lè yí ohùn rẹ̀ padà oríṣiríṣi, òkè á tún gbé e padà wá. Tọkọtaya ni wọ́n. Olúkúlùkù ti lọ wá oúnjẹ, wọ́n wá pàdé, wọ́n ń kí ara wọn. Wọ́n sì ń sọ fún àwọn kòyótè ibòmíràn pé ibí yìí ti ní onílé."

"Bí àwọn ìyá tó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì," ni Procopio wí.

"Kì í ṣe pé wọ́n pa nǹkan?" Ìyá Eufemia kò tíì gbà.

"Kòyótè tó ń ṣọdẹ kì í sábà pariwo. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ ọmọ àgùntàn. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí ọ̀kan dá hu, tó fa ohùn gùn, ó ń wá ẹnì kejì rẹ̀ ni."

"Èyí tó ń bú mi láràárọ̀ ńkọ́?"

"Ṣé ó máa ń sáré bọ̀ wá bá yín?"

"Rárá. Á dúró. Bí mo bá ń lọ, á sìn mí díẹ̀, á tún dúró."

"Àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú ihò lókè yẹn, Ìyá mi. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi, ló ń wí. Ó bẹ̀ yín, ó kìlọ̀ fún yín, ẹ wá rán ajá sí i."

Ìyá Eufemia ti ọ̀rá ẹran náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá gbá itan ara rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá ọmọ! Èmi ń sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé kó máa bọ̀ tó bá jẹ́ akọ!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, títí omi fi jáde lójú rẹ̀, kò sì tètè nu ún.

Benilde gba agolo náà. "Májèlé kì í bi ẹnu léèrè ta ló ni ín. Ajá aládùúgbò lè jẹ ẹ́. Igún tó bá jẹ òkú á kú. Òfin pẹ̀lú kọ̀ ọ́." Ó wo itan Canelo, kò fi ọwọ́ lásán kàn án. "Ìgbà wo ló gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi?"

Wọ́n wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó rántí.

"Ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ọwọ́ yín, kó pẹ́ lábẹ́ omi. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ojú egbò yìí á rí nọ́ọ̀sì lónìí. Ajá ń bá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran báyìí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Benilde bá a lọ sétí omi. Kòyótè yọ, ó gbó.

"Ẹ má bú u. Ẹ má sáré, ẹ má sì kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ kọjú sí i, kí ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn."

Ìyá Eufemia fi ẹ̀yìn rìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ gbòǹgbò, ó fi ìdí jókòó pàà sínú ẹrẹ̀. "Bàbá òkè tó dá ìdí tó tóbi tó báyìí mọ̀ pé á wúlò lọ́jọ́ kan," ló wí, ó sì ń wọ́ lọ lórí ìdí náà. Gbígbó dín kù. Nígbà tó yá, ó dá.

"Ó dákẹ́," ni Ìyá Eufemia wí.

"Ẹ ti dá a lóhùn ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé àti ẹran lágbègbè òkè, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí. Ariwo púpọ̀ nírọ̀lẹ́ kì í ṣe ogun, ẹ má fi ka iye wọn. Bí kòyótè bá ń gbó mọ́ yín nígbà ìrúwé, ọmọ ló ń ṣọ́: ẹ fi okùn so ajá yín, ẹ rọra fi ẹ̀yìn rìn kúrò, kí ẹ gba ọ̀nà mìíràn títí àwọn ọmọ náà á fi kúrò nínú ihò. Bí èyí tí kò ní ọmọ tó ń ṣọ́ bá ń sún mọ́ yín, ẹ na ara sókè, ẹ pariwo, ẹ sọ òkúta sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ má fi májèlé sílẹ̀ níbikíbi. Ẹ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún ajá kí ẹ tó nílò rẹ̀. Ẹ kó ọmọ àgùntàn wọ ọgbà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni Ìyá Eufemia ń gbà báyìí. Ó jìn, ìbàdí rẹ̀ sì ń sọ fún un. Dókítà rán itan Canelo, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ramona ní òun á ṣì dúró wò ó.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ajá jáde, kòyótè gbó láti ọ̀nà jíjìn. Canelo dúró, ó gbé etí sókè. Ó wo òkè. Ó sọ ìrù sílẹ̀, ó yí padà, ó sì da gbogbo àgùntàn náà sílé nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè.

"Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ!" Ìyá Eufemia ń ròyìn fún ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń bọ́ bàtà. "Ó gbọ́ ìkìlọ̀, ó sì kúrò!"

Procopio wo ajá náà níbi tó sápamọ́ sí lẹ́yìn ààrò.

"Eufemia," ló wí, "ọgbọ́n ló kọ́ ni, àbí ẹ̀rù ló ń bà á?"