Wọ́n Ní Jẹ̀dí Ló Mú Ẹsẹ̀ Teslim

Ọ̀fìnkìn ti lọ, ikọ́ ti dẹwọ́, Teslim sì ti padà sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Ṣómolú, kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu.

"Ìyá Ròkíbà, ó ń ṣe mí bí i pé èèrà ń rìn ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi," ló wí fún Kausarat, ìyàwó rẹ̀, nílé wọn ní Ladi-Lak, ní Bàrígà.

Kausarat rẹ́rìn-ín. "Ìdúró yẹn ló pọ̀ jù. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n fi òrí pa á fún yín."

Kò pẹ́ tí orúnkún ò gbé e mọ́. Ó ń di ògiri mú rìn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹsẹ̀. Ni Alàgbà Bámilóyè, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí ti Teslim, bá wá kí i.

"Jẹ̀dí ni!" Bàbá ò tíì jókòó tó ti dájọ́. "Gbogbo mínírà tó ń mu yẹn ńkọ́? Kausarat, wá àgbo jẹ̀dí tó korò fún un. Bó bá ti yàgbẹ́ dáadáa, á dìde."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni jẹ̀dí ṣe fún wa gan-an? Ẹ̀yìn dùn wá, jẹ̀dí ni. Ojú ṣe bàìbàì, jẹ̀dí ni. Bí jẹ̀dí bá lẹ́nu ni, ì bá ti gba lọ́yà. Ṣùgbọ́n àgbà ló sọ̀rọ̀, Kausarat sì fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Ó ra àgbo, ó ń fún un mu. Teslim ń yàgbẹ́ lóòótọ́, àìlera náà sì ń gòkè: ó dé itan, ó mú ọwọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Kausarat gbé ife sí i lẹ́nu, àgbo ò lọ. Ó há a lọ́fun. Teslim fẹ́ wúkọ́, kò lè wúkọ́.

"Mi ò... lè mí dáadáa."

Igbe tí Kausarat ké ló kó àwọn ará ilé jọ, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù.

Dókítà Adéníran, obìnrin tó gbà wọ́n wọlé, béèrè pé, "Ṣé ọ̀fìnkìn tàbí ikọ́ ṣe é láìpẹ́ yìí?"

"Ó ṣe é, àmọ́ ó ti lọ. Jẹ̀dí la rò pé..." ni Kausarat dáhùn.

"Kì í ṣe jẹ̀dí, mà. Lẹ́yìn ọ̀fìnkìn, nínú ìwọ̀nba èèyàn, ara tó ń bá kòkòrò àrùn jà lè ṣìnà, kó dojú ìjà kọ àwọn iṣan tín-ín-rín tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ àti ọwọ́. Bó bá gòkè dé àyà, mímí á di ìṣòro. Ìtọ́jú wà fún un. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ ti gbé e wá."

Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń báni mí, wọ́n sa gbogbo ipá wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Teslim kú.

Nígbà tí Alàgbà Bámilóyè wá bá Kausarat kẹ́dùn, ó tún ń kùn pé, "Jẹ̀dí burúkú!"

Kausarat gbójú sókè. "Bàbá, kì í ṣe jẹ̀dí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún wí bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì."

Ẹ̀yin ará Ṣómolú àti Bàrígà, kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tó ń dunni ló le tó báyìí. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ bá ń kú tìpìrì lẹ́yìn ọ̀fìnkìn, ikọ́ tàbí ibà, tí àìlera ń gòkè, tí ojú wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí tí gbígbé nǹkan mì ń nira, ọsibítù ńlá ni kẹ́ ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ sọ fún dókítà pé ọ̀fìnkìn ṣe yín. Ọ̀pọ̀ tó tètè lọ ló tún ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn. Bẹ́ ẹ bá sì ń wúkọ́, ẹ bo ẹnu, ẹ fọ ọwọ́, ẹ má kó o ran ará ilé.

Jẹ̀dí lè dúró dè yín. Èémí ò ní dúró dè yín.