Orúkọ Abẹ́ Sítíkà

"Dúró dáadáa, jẹ́ n wọn ẹsẹ̀ ẹ," ni bàbá ajórin kan wí.

Nígbà tí wọ́n ṣì ń fọwọ́ ṣe kẹ̀kẹ́ eré ìje ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá wọn ara ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé, Atẹ̀wé ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kò gbọ́ ohun tí bàbá náà sọ. Ọmọbìnrin bàbá náà jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sára férémù kan. Kò mí rárá títí tó fi parí lẹ́tà kan. Atẹ̀wé náà kò mí.

"Bọ̀dá, bàbá mi ń bá yín sọ̀rọ̀ o," ni ọmọbìnrin náà wí láìgbójú sókè.

Kí kẹ̀kẹ́ náà tó parí, Atẹ̀wé àti ọmọbìnrin náà ti di olólùfẹ́, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Bàbá jó irin rẹ̀ pọ̀, ọmọ kọ orúkọ sí i.

"Ọmọ ajórin?" ni ìyá Atẹ̀wé wí. "O ò rí ẹlòmíì fẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ti ń ta á lára kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ eré ìje kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó rí kẹ̀kẹ́ náà.

"Kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìnkùlé rèé! Kò ní tú ká lójú ọ̀nà báyìí?"

Ojú ti Atẹ̀wé. Ó lọ síbi iṣẹ́, ó tẹ sítíkà tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ òkèèrè kan, ó sì lẹ̀ ẹ́ bo orúkọ bàbá náà. Ọgbọ́n àgbọ́njù!

Lọ́jọ́ ìdíje, òun ló gba ipò kìíní. Alága ẹgbẹ́ gbá a lẹ́yìn. "Kẹ̀kẹ́ ibo lèyí?"

"Ti òkèèrè ni, sà."

Ó gbójú sókè, ó rí bàbá àti ọmọ níwájú rẹ̀.

"O kú oríire o," ni bàbá náà wí. Ọmọbìnrin náà wo sítíkà yẹn, ó yíjú padà. Ó ṣe Atẹ̀wé bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ dọ̀bálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé bàbá náà.

"Dìde," ni bàbá náà wí. "Irin ni tèmi. Ẹni tó kọ orúkọ ni kó o lọ bẹ̀."

"Olólùfẹ́ mi, jọ̀ọ́..." ni ó bẹ ọmọbìnrin náà.

"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí i kúrò."

Ó ṣí sítíkà náà. Ọ̀dà bá a lọ, ó sì bó ìdajì orúkọ náà dànù. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún.

"Jọ̀ọ́, bá mi tún un kọ."

"Rárá. Ẹ máa gùn ún báyìí. Ẹni tó bá bi yín, ẹ fẹnu ara yín sọ fún un."

Nígbà tí ẹgbẹ́ tún pàdé, alága wo kẹ̀kẹ́ náà. "Kí ló bó o lára báyìí?"

Etí Atẹ̀wé gbóná. "Irọ́ mi ni, sà. Èmi ni mo tẹ sítíkà ọjọ́sí. Bàbá àfẹ́sọ́nà mi ló ṣe kẹ̀kẹ́ yìí, ní ẹ̀yìnkùlé wọn."

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín gan-an. Ojú ń tì í, àmọ́ kò kúrò níbẹ̀.

"Ta ni àfẹ́sọ́nà ẹ?" ni ẹnì kan bi í láti ẹ̀yìn. "Ṣé mo ti dá ẹ lóhùn ni?"

Ọmọbìnrin náà ni, pẹ̀lú agolo ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

"Gbé e wá síbi ibòòji. Dì í mú dáadáa o."

Atẹ̀wé kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́, ó di férémù náà mú. Kò mí títí ọmọbìnrin náà fi kọ lẹ́tà tó kẹ́yìn tán.