Àmì Róbótó Kẹta

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, ara rẹ̀ sì le. Ẹ̀rín ló dínkù lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá sì pè é nírọ́, kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni.

Iṣẹ́ àwòrán ilé ló ń ṣe. Àwọn ará ọ́fíìsì ń pè é ní Rúlà, nítorí kì í fara mọ́ ohunkóhun tó bá wọ́, ì báà ṣe búrẹ́dì tí wọ́n gé. Lọ́jọ́ tí ibà mú ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò lọ síbi iṣẹ́. Ó tẹ́ ọmọ sí yàrá, ó gbé kọ̀ǹpútà ka tábìlì pálọ̀, ó sì ṣí ìkànnì tuntun tí wọ́n fi ń yàwòrán. Bùráúsà lásán ló ń lò. Ṣùgbọ́n kí ìkànnì náà tó ṣí, ó máa ń béèrè bóyá òun lè gbé ètò tòun wá, kí ó máa ṣiṣẹ́ ní tààràtà lórí ẹ̀rọ ẹni.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ti kìlọ̀ fún un.

"Sìsítà mi, ẹ ò mọ ẹni tí ẹ ń gbà sílé o."

"Ṣebí wọ́n ní inú àpótí ni wọ́n ti ètò náà mọ́, tí kò lè jáde fọwọ́ kan nǹkan mìíràn lórí ẹ̀rọ?"

"Wọ́n ní ni. Ta ló rí kọ́kọ́rọ́?"

"Lọ jókòó jàre. Ojo ni ẹ́."

Rúlà tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo wọn ló ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló ráyè kà á?

Ọ̀sán pọ́n. Ilé dákẹ́. Fáànù inú kọ̀ǹpútà ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, bẹ́ẹ̀ kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó wojú ẹ̀rọ. Àwòrán ilé oníbàárà ti pòórá. Òmíràn ló wà níbẹ̀.

Ilé tirẹ̀ ni. Pálọ̀ nìyí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyí, ògiri balùwẹ̀ tó wọ́ nìyí. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ wà níbi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í sí láàárọ̀ nítorí oòrùn. Ojú tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìhòòhò. Kámẹ́rà ńkọ́? Pílásítà tó fi bò ó ṣì wà níbẹ̀.

Ní ọ́fíìsì wọn, àmì róbótó ni wọ́n fi ń dúró fún ènìyàn nínú àwòrán, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àyè yóò gbà wọ́n. Ọ̀kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀kan wà nídìí tábìlì. Rúlà sún sẹ́yìn. Àmì tìdí tábìlì náà sún sẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó gbójú sókè. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣófo. Ó tún wo ẹ̀rọ. Àmì náà ti sún mọ́ ilẹ̀kùn yàrá. Ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, ó ní ìkànnì náà ti ya ilé òun.

"Ẹ pa á! Ẹ pa á kíá! Mò ń bọ̀."

"Tí mo bá pa á, báwo ni n ó ṣe mọ ibi tó wà?"

"Ibi tí kí ni wà?"

Àmì náà ti wọ yàrá. Rúlà ju fóònù sílẹ̀, ó sáré wọlé tọ̀ ọ́. Ọmọ nìkan ló rí, tó ń sùn. Ó gbé e mọ́ àyà, ó padà sí pálọ̀, ó wo ẹ̀rọ. Àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà nídìí tábìlì.

Ó sún sí igun kan. Ẹ̀kẹta rọra ń tẹ̀ lé e. Ó sún sí òdìkejì. Ẹ̀kẹta tún ń bọ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ó ń yí pálọ̀ po, kò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ, títí àmì kẹrin fi yọ lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò rẹ̀ ló wọlé.

Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. "Inú àpótí rẹ̀ ni ètò náà wà. Kò jáde rárá." Kí Rúlà tó lanu, ó ti pa ìkànnì náà, ó ti nù ún kúrò. Ojú ẹ̀rọ ṣú. "Ó ti lọ, sìsítà mi."

Igbe tí Rúlà ké jí ọmọ.

"Ta ló ní kí o pa á? Ó ti ń sún mọ́ wa! Apá ibo ló wà báyìí?"

Àbúrò wo pálọ̀ yí ká. Kò rí nǹkan kan. Ó wá fi ẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.