Ẹ̀jẹ̀ Jọláyẹmí

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. Lóṣù Kẹrin ọdún 1996 ni, Kíkẹ́lọmọ àti Ọláníyan, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, sì jókòó síwájú rẹ̀. Jọláyẹmí, bàbá Kíkẹ́lọmọ, ló rán wọn wá gbọ́ èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ òun. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, tí wọ́n gé jẹjẹrẹ kúrò nínú ìfun rẹ̀.

Dókítà ní ohun kan wà tí jẹjẹrẹ yẹn máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó lọ sílẹ̀. Ó ti tún ń gòkè báyìí. Ẹ̀mí ẹni tí tirẹ̀ bá ń gòkè kì í sábà gùn bíi ti ẹni tí tirẹ̀ wà nílẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í dá ọjọ́ ikú," ni dókítà wí. "Ẹ tètè mú un wá, ká wá ibi tí jẹjẹrẹ náà fara pamọ́ sí."

Bí wọ́n ṣe ń padà sí Inísà, Ọláníyan ní ìbẹ̀rù nìkan á pa àbúrò òun bó bá gbọ́. Ó ní kí àwọn kọ́kọ́ fi àdúrà jà á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kíkẹ́lọmọ mọ̀ pé kò tọ́, àmọ́ ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ti dé tán, kò fẹ́ kí ẹkún gba ilé. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ bíríkìlà dé láti Ìkìrun, Kíkẹ́lọmọ kúnlẹ̀, ó sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti mọ́.

Inú Jọláyẹmí dùn. Ó gba iṣẹ́ ilé tuntun ní Òkukù, kò sì padà sí ọsibítù mọ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ojú rẹ̀ pọ́n bí òróró, ikùn rẹ̀ wú. Wọ́n gbé e lọ. Dókítà ní jẹjẹrẹ náà ti gba gbogbo ẹ̀dọ̀, kò ṣeé gé mọ́. Ó bi í léèrè ìdí tí kò fi wá nígbà tí òun ránṣẹ́ pè é.

Nígbà tí wọ́n délé, Jọláyẹmí kò pariwo. Ọláníyan ní ìfẹ́ ló mú òun ṣe é.

"Bọ̀dá, inú ara ta ni ẹ̀jẹ̀ yẹn wà?"

Ọláníyan ní àwọn ti ń fi àdúrà jà á.

"Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹ̀yin lẹ tà á fún mi. Bóyá ǹ bá kú náà. Ṣùgbọ́n ẹ ò jẹ́ kí n jà."

Kíkẹ́lọmọ wólẹ̀, ó ń sunkún. "Mo ti dárí jì ọ́," ni bàbá rẹ̀ wí. "Inú ṣì ń bí mi."

Ó kú kí Àjíǹde tó dé. Níbi ìsìnkú, Ọláníyan ń sọ fún àwọn èrò pé àìsàn òjijì ni, pé àkókò Ọlọ́run ló tó. Kíkẹ́lọmọ dìde láàárín àwọn àgbà.

"Jẹjẹrẹ ló pa bàbá mi. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti sọ ọ́ fún wa ṣáájú, a fi pa mọ́ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ni àìsàn ló ni òtítọ́ rẹ̀. Ẹ má fi du ẹnikẹ́ni mọ́."

Ọláníyan ní kó jókòó. Kò jókòó.