Ọ̀rọ̀ Tí Kò Ní Àmì Ohùn

Ẹ̀rín Kíkẹ́ ni Ọlábọ̀dé kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí ojú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà jókòó nídìí kọ̀ǹpútà ní Yábàá, nínú búláòsì aláwọ̀ ewé, ó ń wo ojú ẹ̀rọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọdún 1998 nìyẹn. Ọlábọ̀dé ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì ṣèwádìí fún dígírì rẹ̀ kejì, ó fẹ́ mọ bí àwọn tí kò mọra wọn rí ṣe ń pín nǹkan. Ẹnì kan ní Sùúrùlérè á pín bisikíìtì, ẹnì kejì ní Yábàá á gbà á tàbí kó kọ̀. Tó bá kọ̀, àwọn méjèèjì ò ní rí nǹkan kan jẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ọ̀kánjúwà ará Sùúrùlérè yìí!" ni Kíkẹ́ pariwo. "Ó kó gbogbo ẹ̀, ó fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi. Mo kọ̀! Ká jọ febi sùn."

"Ṣé ẹyọ kan ò sàn ju òfo lọ ni?"

"Ẹ̀yin ẹ wá jẹ ẹ́ o. Èmi kì í ṣe ẹyẹlé tó ń ṣa èérún jẹ."

Bí ọkàn Bọ̀dé ṣe bá a lọ nìyẹn. Kò pẹ́ tí "Ẹ̀gbọ́n" fi di "Bọ̀dé mi". Àmọ́ Victor tó wà ní London ni màmá Kíkẹ́ fọkàn sí, ó sì lé Bọ̀dé kúrò nílé wọn ní Múṣín. "Oníbisikíìtì lo fẹ́ fẹ́?" ló ń bi ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́.

Nígbà tí Victor wálé wá tọrọ Kíkẹ́, jìnnìjìnnì bo Bọ̀dé. Ó fi íméèlì ránṣẹ́: "Kike, emi tabi Victor?"

Èsì dé: "Mo ti ko o."

Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn ò mọ àmì ohùn. Bọ̀dé kà á sí "mo ti kọ̀ ọ́", ó sì gbà pé òun ni "ọ́" náà, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ ẹlòmíì. Yéè! Kò yọjú sí Yábàá mọ́. Ẹ gbà mí, ọ̀mọ̀wé tó ń da ìbéèrè bo gbogbo Èkó kò lè bèèrè pé ta ni wọ́n kọ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó gba inú òjò lọ sí Múṣín. Kíkẹ́ ló ṣílẹ̀kùn, ojú rẹ̀ ti wú.

"O ò wá mọ́. Kí ni mo ṣe?"

"Ṣebí o ní o ti kọ̀ mí."

"Ìwọ kẹ̀? Victor ni mo kọ̀! Látọjọ́ náà ni Màámi ti ń sunkún."

Bọ̀dé ò tíì mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín tàbí kóun sunkún tí màmá fi yọ sí wọn. Kíkẹ́ di ọwọ́ Bọ̀dé mú.

"Màámi, òun ni mo fẹ́. Tẹ́ ẹ bá lé e, èmi náà á bá a lọ."

Bọ̀dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. Màmá fà á lápá sókè.

"Dìde, wọlé, kí òtútù má pa ọ́. Ọmọ ta ni ọ́, ọmọ ibo? A kì í fọmọ fún ẹni tá ò mọ ilé bàbá ẹ̀."