Ọ̀rọ̀ Mi Lẹ́nu Démiládé

"Nabeelah, ìwọ ni wàá máa wo aago," Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́, tíṣà wa, ló sọ bẹ́ẹ̀. "Démiládé ni yóò sọ̀rọ̀."

Inú bí mi. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé lọ síbi ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ láàárín àwọn ilé ìwé ní Bódìjà! Mo kọ ọ́ lórí obìnrin ará Sweden kan láyé àtijọ́, tó fi ìwé kíkọ jà kí òfin lè gba obìnrin tí kò lọ́kọ láyè láti dá pinnu ayé ara rẹ̀. Ìwé tó kọ́kọ́ kọ, kò forúkọ ara rẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé fún ọkùnrin.

"Ṣebí èmi ni mo kọ ọ́, sà."

"Nílé ìwé yìí, obìnrin á kọ ọ́, ọkùnrin á sọ ọ́. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣe jẹ́jẹ́, màá fi ẹ́ ṣe olórí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin."

Mo fẹ́ ipò yẹn gan-an. Mo gbà, mo sì mú aago.

Lọ́jọ́ ìdíje, Démiládé sọ ọ̀rọ̀ tí mo kọ, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Adájọ́ kan wá bi í pé, "Kí ló dé tí òǹkọ̀wé yìí fi orúkọ rẹ̀ pamọ́?"

Démiládé yíjú sí mi. Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́ ń ṣẹ́jú sí mi kí n yọ́ ìdáhùn sọ sí i létí. Ìbínú tí mo ti gbé mì bá ru sókè, mo dìde.

"Wọn ò fẹ́ kí obìnrin sọ tẹnu rẹ̀ síta nígbà yẹn, mà. Wọn ò fẹ́ ẹ nílé ìwé wa náà. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn!"

Àwọn adájọ́ ní ẹni tó sọ̀rọ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ dáhùn, wọ́n sì yọ ilé ìwé wa kúrò nínú ìdíje lójú ẹsẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, èébú ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi fi sìn mí délé. Ipò olórí bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ìyá mi láti Agbowó.

"Ẹ sọ fún un kó tọrọ àforíjì, mà," tíṣà wí. "Ó dójú tì wá."

Ìyá mi kò tiẹ̀ jókòó. "Ta ló kọ ọ̀rọ̀ náà?"

"Òun ni, ṣùgbọ́n..."

"Ẹ yan ọmọ mi jẹ, ẹ tún ní kó wá bẹ̀ yín? Ẹ̀yin lẹ máa bẹ̀ ẹ́!"

Tíṣà kò bẹ̀ mí títí dòní, inú ṣì ń bí mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má gba ipò tí wọ́n bá fi ń dí yín lẹ́nu. Ẹni tó bá gbà á ti ń bá wọn yan ara rẹ̀ jẹ.