Àwọn Àmì Tí Bàbá Lẹ̀

Ọjọ́ tí wọ́n gbé máṣíìnì wọ yàrá fáìlì ilé ìwòsàn náà, ìjà ni Ìyá Fáìlì fẹ́ fi pàdé ẹni tó gbé e wá.

Kò tíì bímọ kankan o. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ ní Ìyá Fáìlì, nítorí kò sí ìwé aláìsàn tó lè sọnù tí kò ní í mọ ibi tó wọ̀. Bàbá rẹ̀ ló ṣe ọ̀gá yàrá náà fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí bàbá fẹ̀yìn tì, òun ni wọ́n ní kó jókòó sórí àga rẹ̀. Ta wá ni ẹni tó ń gbé irin wọlé pé kó wá bá òun ṣe é?

Ọkùnrin náà ga, ó tín-ín-rín, gègé méjì wà lápò ẹ̀wù rẹ̀. Ó so kámẹ́rà kékeré kan mọ́ ẹsẹ̀ irin lókè tábìlì, ó fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ìwé kan wá, èyí tó bá wù yín."

Gbogbo ìwé inú yàrá náà ló ní àmì kékeré onígun mẹ́rin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, dúdú òun funfun bí ìyẹ́ ẹtù. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ti ẹnì kan kì í bá ti ẹlòmíràn dọ́gba. Ìyá Fáìlì dìídì lọ ṣa èyí tó burú jù wá: ó ti gbó, tíì ti dà sí i lára, etí àmì náà sì ti ya. Ó dorí rẹ̀ kodò, ó fi í lélẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ.

"Ó yá, kó kà á."

Ìlà aláwọ̀ ewé kan yí àmì náà ká lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ aláìsàn sì jáde kedere.

"Kò mọ orí yàtọ̀ sí ìdí," ni ọkùnrin náà wí, ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ibi yòówù kí àmì yẹn sá sí lórí ìwé, á wá a kàn. Bí etí rẹ̀ bá tiẹ̀ ya, á fi èyí tó kù mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ mọ orí yàtọ̀ sí ìdí?"

Ó wò ó, ó ronú díẹ̀. "Lánàá mo mọ̀ ọ́n. Lónìí, kò dá mi lójú mọ́."

Ìyá Fáìlì ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ ọkùnrin náà ní Olójú-Irin. Oṣù mẹ́rin ni òun àti Ìyá Fáìlì fi jọ ṣiṣẹ́. Ìyá Fáìlì ń ṣí ìwé, ọkùnrin náà ń wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi ti ilẹ̀kùn. Eruku fáìlì máa ń mú un sín, Olójú-Irin á na áńkáṣíìfù fífọ̀ sí i láìgbójú sókè. Nígbà tó yá, "mà" di "ìwọ", "ìwọ" di "Adúmáradán mi". Olójú-Irin fún un ní ọ̀rọ̀ àṣírí tí òun fi ń ṣí kọ̀ǹpútà náà.

"Bí mi ò bá sí nítòsí, kí iṣẹ́ má dúró."

"Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ìwọ kẹ̀? Kí ni mo ní tí mo fẹ́ fi pamọ́ fún ọ?"

Ó mú un lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú àwọn òbí wọn. Ẹ̀gbọ́n wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní ọmọ dáadáa ni, kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Bàbá ló ń fajú ro. "Ẹni tó gbé irin wá jókòó síbi tí mo fi gbogbo ayé mi jókòó sí," ni bàbá ń wí. Síbẹ̀, ó gbà kí Olójú-Irin wá kí òun ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni nǹkan yíwọ́.

"Wá wo nǹkan," ni Olójú-Irin wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni. Orúkọ obìnrin kan ló wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ti ẹlòmíràn ni. Ó ṣí òmíràn, bákan náà. Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n, kọ̀ǹpútà ti tò wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n ti lẹ gbogbo wọn.

Ìyá Fáìlì ò nílò ẹni tó máa sọ oṣù mẹ́ta tó jẹ́ fún òun.

Ọdún méjì kí bàbá tó fẹ̀yìn tì ni ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Nílé, bàbá á máa da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Níbi iṣẹ́, Ìyá Fáìlì tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ ló ń ka orúkọ sí i létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bàbá á wá lẹ àmì. "Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀, ọmọ mi," ni bàbá bẹ̀ ẹ́. "Ó ku díẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n fi ojú fífọ́ lé mi jáde." Nígbà tí wọ́n wá rán òun lọ kọ́ iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, ó yẹ kó sọ̀rọ̀. Kò sọ. Ó fi bàbá sílẹ̀ pẹ̀lú àmì tí kò lè rí àti orúkọ tí kò lè kà.

"Ta ló lẹ̀ wọ́n?" ni Olójú-Irin bi í.

"Mi ò mọ̀."

Irọ́ àkọ́kọ́ tó máa pa fún un nìyẹn.

Dókítà Àgbà, ọ̀gá ilé ìwòsàn náà, ti lọ sílé. Olójú-Irin ní ní kùtùkùtù ọ̀la, òun á ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó bọ́ síta láti lọ bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ìyá Fáìlì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó da orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógójì kọ sínú ìwé pélébé kan. Lẹ́yìn náà ló tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fún un, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó ní lọ́kàn pé òun á tètè dé lọ́la, òun á tún wọn lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní í sí ẹni tó máa gbọ́.

Ṣùgbọ́n kó tó dé lọ́jọ́ kejì, ọ̀nà yàrá ìrọbí ti kún fún èèyàn. Aláboyún kan nílò ẹ̀jẹ̀ ní ìdájí. Irú ẹ̀jẹ̀ tí ìwé rẹ̀ sọ, wọ́n ti gbé e wá, wọ́n ti so ó kọ́. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan tí kì í gba ìwé gbọ́ ló ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni. Ká ní ó wọ ara obìnrin yẹn ni, tìyá tọmọ ni wọn ì bá sin.

Dókítà Àgbà dúró sáàárín yàrá fáìlì. "Máṣíìnì tí ẹ ní ó ń ríran yìí, kí ló rí?"

"Ó rí i, sà," ni Olójú-Irin wí. "Lánàá ló rí i. Mo fẹ́ mú un wá fún yín láàárọ̀ yìí ni."

Ó ṣí kọ̀ǹpútà. Òfìfo. Ìlà kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀ tó sọ ẹni tó pa á rẹ́ àti aago tó pa á rẹ́. Orúkọ Olójú-Irin fúnra rẹ̀ ni. Aago náà sì jẹ́ ìgbà tí òun wà lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́.

Ó yíjú díẹ̀díẹ̀, ó wo Ìyá Fáìlì.

Ìyá Fáìlì ń wo bàtà ara rẹ̀. Ìwé pélébé náà wà nínú báàgì tó há mọ́ abẹ́ apá. "Èmi ni" kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Ẹnu rẹ̀ kọ̀ láti sọ ọ́.

"Ọwọ́ mi ló ṣì í, sà," ni Olójú-Irin wí. "Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe kíákíá."

Ó gbé gbogbo ìwé oṣù mẹ́ta náà gba abẹ́ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò mu omi, kò jókòó. Ní aago méjì ọ̀sán ó fi orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógójì lé Dókítà Àgbà lọ́wọ́. Wọ́n gbà á, wọ́n sì ní kó máa lọ, kó má padà wá mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti yí padà lẹ́nu àwọn èèyàn: Olójú-Irin gan-an ló da àmì rú, ìdí nìyẹn tó fi pa á rẹ́.

Ó kọjá lára Ìyá Fáìlì lẹ́nu ọ̀nà.

"Adúmáradán," ó rọra wí, "ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn báyìí?"

Olójú-Irin jáde lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ìyá Fáìlì fi dákẹ́. Olójú-Irin ò pè é, òun náà ò pè é. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wá bá a kẹ́dùn: "Ọlọ́run ló kó ọ yọ o. Ẹni tí o fẹ́ fi ṣe ọkọ nìyẹn!" Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Dókítà Àgbà yìn ín níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ pé ó tètè tún àwọn ìwé náà lẹ̀. Ìyìn náà wọ̀ ọ́ lára bí ata. Kò lè wo dígí. Bí ó bá ń fọ ojú láàárọ̀, á dijú títí á fi nù ún tán. Ìtìjú tí kò sẹ́ni tó rí i, kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó burú ju èyí tí gbogbo ayé ń wò lọ.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí oòrùn.

"Mo sọ ọ́," ni bàbá wí. "Mo ní irin yẹn á ba nǹkan jẹ́. Ọmọ tí kò mọ iṣẹ́! Inú mi dùn pé kò dé ilé yìí."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ni mo sọ tí kì í ṣe òótọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ lẹ̀ wọ́n, Bàbá." Omijé ti bọ́ lójú rẹ̀. "Oṣù mẹ́ta tí mi ò sí nílé. Èmi ni mo sì pa á rẹ́. Ọkùnrin yẹn mọ̀. Ó dúró níwájú wọn, ó ní òun ni."

Ọwọ́ bàbá ń wá eékún ara rẹ̀, bí ẹni pé kò mọ ibi tó wà.

"Mo mọ̀," ni bàbá wí níkẹyìn. "Ọjọ́ tí o ti délé sọ pé àmì kan ṣì, mo ti mọ̀. Àwọn orúkọ yẹn, mò ń méfò ni. Mò ń fọwọ́ wọn bí fáìlì ṣe nípọn tó, mo ní ó lè jẹ́ ti lágbájá. Mo jókòó síbí, mo ń bú ọmọ ọlọ́mọ, kí n má baà gbọ́ ohùn ọkàn mi." Ó mí kanlẹ̀. "Aboyún yẹn ńkọ́?"

"Ó ti bímọ. Àwọn méjèèjì wà láàyè."

Bàbá fi aṣọ bo ojú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ rẹ̀ máa gbọ́ ẹkún rẹ̀ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di ọwọ́ bàbá mú, wọ́n jọ gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn. Ó ń ka ìṣísẹ̀ fún un. Dókítà Àgbà dìde kí ọ̀gá àtijọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fa àga fún un. Bàbá ò jókòó.

"Ẹ pe àwọn nọ́ọ̀sì wá," ni bàbá wí. "Ìta gbangba lẹ ti ba ọmọ yẹn lórúkọ jẹ́, ìta gbangba náà ni kí ẹ ti gbọ́ èyí."

Nígbà tí wọ́n pé, ó sọ ọ́, kò fi ọ̀kan pe méjì: ojú òun ti fọ́, òun fi pamọ́, òun ló lẹ àmì náà ṣì. Ìyá Fáìlì náà sọ tirẹ̀. Ó rò pé bí òun bá sọ ọ́ tán, ara á fúyẹ́. Ara ò fúyẹ́. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà yẹn wò ó báyìí, ó mi orí, ó jáde. Wọ́n gba àga ọ̀gá lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kó máa gbé fáìlì káàkiri wọ́ọ̀dù. Ó ní ó tọ́ sí òun. Dókítà Àgbà kọ lẹ́tà pé kí Olójú-Irin padà síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyá Fáìlì ló ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé lẹ́tà náà lọ.

Ẹ̀gbọ́n wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò dá ẹsẹ̀ dúró.

"Ọjọ́ mélòó?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Mẹ́sàn-án, mà."

"Ẹni tó lè fi àbúrò mi sínú iná fọ́jọ́ mẹ́sàn-án, tó ń wò ó, kí ni kí n ní ó wá ṣe nílé mi?"

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má sọ nǹkan kan, mà. Mi ò wá bẹ̀bẹ̀ pé kó fẹ́ mi. Mo wá kí ẹ lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé kò ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe."

Olójú-Irin ti wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó jáde síta. Ó ti rù.

"Mo bi ọ́ pé ta ló lẹ̀ wọ́n," ó wí. "Ká ní o sọ pé bàbá rẹ ni, ǹ bá bá ọ rù ú. À bá jọ lọ bá Dókítà Àgbà."

"Ẹ̀rù bà mí pé wàá fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn."

"Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kí n máa wá ohun tí ojú èèyàn ò rí? Ṣé ẹni tí kò ríran ni mo máa wá tẹ́ńbẹ́lú?"

Ìyá Fáìlì fi ọwọ́ méjèèjì na lẹ́tà náà sí i.

"Ojú ń ti èmi náà," ni Olójú-Irin tún wí. "Mo purọ́ níwájú gbogbo wọn, nítorí mi ò lè wò ọ́ bí o ṣe ń wo bàtà rẹ. Mo pè é ní ìfẹ́. Síbẹ̀ inú bí mi lójoojúmọ́ pé o gbà á."

"Mo gbà á," ni Ìyá Fáìlì wí. "Àwíjàre ò sí lẹ́nu mi."

Ẹ̀gbọ́n dá ẹ̀rọ dúró.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́ tán," ni Olójú-Irin wí.

"Mo mọ̀."

"Ó lè pẹ́ gan-an."

"Mo mọ̀."

Ó nawọ́, ó fà á dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni mo máa dárí jì ọ́, inú ilé kan náà ni mo fẹ́ ti máa ṣe é."

Ìyá Fáìlì sunkún débi pé kò lè dáhùn. Ẹ̀gbọ́n ló bá a dáhùn. Ó ní òun ṣì ń bínú o, kí ẹnikẹ́ni má rò pé inú òun ti rọ̀. Ó wá fa àga kan sún mọ́ ọn, ó ní kó jókòó.

Oṣù karùn-ún lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, nínú yàrá kékeré kan, èèyàn ò ju ogún lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì kan ò wá, Ìyá Fáìlì ò sì bi wọ́n léèrè ìdí. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, nọ́ọ̀sì àgbàlagbà yẹn ṣílẹ̀kùn, ó wọlé láìkí ẹnikẹ́ni, ó lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá.